Iná, Ipá àti Ìṣàn: Èdè-Ìperí fún Yíyan Ẹ̀rọ Aróhùnlágbára

Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí gbogbo ilé sì tan gílóòbù àti fáànù lẹ́ẹ̀kan náà, ó wọ́pọ̀ kí iná máa ṣe bàìbàì. Fáànù a máa yí bí ẹni tí ó ti rẹ̀, fíríìjì a sì máa kùn láìmú omi tutù. Bí a bá bi ará ilé léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, yóò ní iná kò tó, tàbí kí ó lo ọ̀rọ̀ tí ó ti di ti gbogbo ènìyàn ní ilẹ̀ Nàìjíríà, kí ó ní ‘lóò-kọ́ráǹtì’ ni wọ́n mú wá. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó ń kọ́ físíìsì nínú ilé kan náà mọ̀ pé ohun tí ó lọ sílẹ̀ gan-an ni fóólìtì: dípò 230 tí ó yẹ kí ó wà nínú wáyà, ó lè jẹ́ 150 ni ó kù. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kì í bá àgbà jiyàn, nítorí àṣìṣe yìí kò ba nǹkan kan jẹ́. Orúkọ yòówù tí a bá pe àìsàn náà, gílóòbù yóò ṣe bàìbàì tirẹ̀.

Ibi tí àṣìṣe náà ti ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò. Ọjọ́ kẹta ọdún Ìléyá ni àwọn ará Ìjẹ̀bú máa ń ṣe Ojúde Ọba. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ a tò kọjá ní ojúde ààfin Awùjalẹ̀, àwọn ìdílé Balógun a gun ẹṣin wọlé, ìbọn a máa dún, ìlù a sì máa fọhùn lọ́tùn-ún lósì. Olùkọ́ èdè Yorùbá tí ó bá gba ohùn ọjọ́ náà sílẹ̀, tí ó sì fẹ́ kọ ohun tí ìlù ń wí sórí ìwé, kò ní lè fi sípíkà kékeré inú fóònù ṣe é. Ohùn ìsàlẹ̀ a sọnù, ohùn òkè a sì dà pọ̀ mọ́ ariwo èrò. Bí ohùn kan ṣoṣo bá sì ti sọnù nínú ọ̀rọ̀ ìlù, ìtumọ̀ ti yẹ̀ nìyẹn, nítorí ìlù kò ní kọ́ńsónáǹtì tí yóò ran etí lọ́wọ́ bí ẹnu ènìyàn ti ní in. Ìdí nìyí tí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ fi lè pinnu láti ra èyí tí ó dára jù lọ nínú ohun tí a ń gbé kọ́ etí, irú èyí tí awọ rẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ láàárín òòfà. Lẹ́yìn tí ó bá ti san owó oṣù mélòó kan lé e lórí ni yóò wá gbọ́ pé ó ku ẹ̀rọ kejì, èyí tí yóò máa fún ti àkọ́kọ́ ní agbára. Bí ó bá béèrè irú èyí tí yóò rà, wọn yóò ní kí ó wá èyí tí ‘kọ́ráǹtì’ rẹ̀ pọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ti fi ń pe fóólìtì láti ìgbà èwe rẹ̀ ni wọ́n sọ fún un yìí. Yóò yẹ ẹ̀yìn páálí wò, yóò rí ẹ̀rọ kan tí fóólìtì rẹ̀ pọ̀, yóò rà á, ẹ̀rọ náà kò sì ní gbé ẹrù rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ohùn tí a fi iná gbé kiri kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ní 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Èkó, nínú èyí tí a ń gba ohùn láti Lọ́ńdọ̀nù, tí a sì ń fi wáyà pín in dé ilé àwọn tí ó bá san owó. Ìbàdàn tẹ̀lé e ní 1939. Lẹ́yìn náà ni ó dé àwọn ìlú mìíràn, Ìjẹ̀bú-Òde sì wà lára wọn. Àpótí kékeré tí a kàn mọ́ ògiri ilé kì í ṣe rédíò ní tòótọ́. Sípíkà lásán ni. Àwọn ènìyàn wò ó, wọ́n rí i pé ó ń sọ̀rọ̀ ṣáá, bí a bá sì dá a lóhùn kò gbọ́, wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà gún régé tó bẹ́ẹ̀ tí rédíò gan-an fi jogún rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ: ẹni tí ó jókòó sí ìdí àpótí ni. Ẹ̀rọ ńlá tí ó wà ní ilé-iṣẹ́ ìpínhùn, tí ó ń fi agbára kún ohùn tín-ín-rín tí ó ti òkè òkun wá kí ó lè tó gbogbo àpótí ìlú, kò sí lójú ará ìta, nítorí náà kò sí ẹni tí ó fún un lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí títí di ìsinsìnyí. Yorùbá ní orúkọ fún ohun tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ohùn àti ohun tí ó wà ní òpin rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà ní agbedeméjì, anpilifáyà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, ìbáà ṣe onílù, ìbáà ṣe ẹni tí ń fi ẹ̀rọ ohùn háyà fún òde ìyàwó.

Ẹni tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún un yóò kọ́kọ́ ronú kan agbóhùnga. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ewu wà nínú rẹ̀. Nínú èdè tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, bí a bá ní ohùn ga, etí akẹ́kọ̀ọ́ yóò lọ sí ibi tí ohùn wà lórí àkàsọ̀ ohùn, kò ní lọ sí bí ó ti rinlẹ̀ tó. Ẹ̀rọ tí ó bá sì gbé ohùn ìlù ga ní ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ti ba ọ̀rọ̀ ìlù jẹ́ pátápátá. Èyí tí ó sàn jù ni aróhùnlágbára. Àwọn oníwèé-ìròyìn àti àwọn oníwàásù ti sọ ìrónilágbára di ọ̀rọ̀ tí kò ṣòro mọ́, nítorí náà aróhùnlágbára kò ní jẹ́ àjèjì. Ó sì bá iṣẹ́ ẹ̀rọ náà mu. Ẹ̀rọ yìí kì í na ohùn kékeré bí ẹní na rọ́bà. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń fi ohùn kékeré ṣe oníbodè: bí ohùn náà ti ń lọ sókè sódò ni bodè ń ṣí tí ó sì ń padé, iná láti ara ògiri ni ó sì ń gba bodè náà kọjá lọ sí etí. Agbára tí a gbọ́ kì í ṣe ti ohùn àkọ́kọ́. Àwòrán rẹ̀ tí a fi agbára mìíràn yà ni.

Ohun tí a ń gbé kọ́ etí náà nílò orúkọ. Gbóhùnsáfẹ́fẹ́ ti wà nílẹ̀ fún iṣẹ́ rédíò, gbogbo olùkọ́ sì mọ bí a ti ṣẹ̀dá rẹ̀. Bí a bá gba ọ̀nà kan náà, agbóhùnsétí ni yóò jáde. Nínú agbóhùnsétí tí ó wọ́pọ̀, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, a sì lẹ wáyà tí a wé róbótó mọ́ ìdí rẹ̀. Wáyà yìí wà nínú ojú òòfà, bí iná bá gba inú rẹ̀ kọjá, yóò sún síwá sẹ́yìn, yóò sì máa ti awọ náà. Àwọn onílù mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí a bá fi ọ̀pá lu awọ gbẹ̀du ní ojú kan, ibi tí ọ̀pá bà ni ó kọ́kọ́ mì, ibi tí ó kù ń tẹ̀lé e ni, ohùn tí etí awọ sì ń mú jáde yàtọ̀ sí ti àárín. Agbóhùnsétí oníwáyà-wíwé ní irú ìwà bẹ́ẹ̀: nígbà tí ìgbì bá yára púpọ̀, apá kan awọ kì í lè bá apá kejì rìn.

Ti aláwọ pẹlẹbẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú rẹ̀, a kò wé wáyà. Ńṣe ni a tẹ́ ẹ ká gbogbo ojú awọ, bí ìlà tí aláró fi ẹ̀kọ yà sójú àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Awọ náà fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ. A to òòfà gbọọrọ-gbọọrọ sí iwájú rẹ̀, nígbà mìíràn sí iwájú àti ẹ̀yìn, nítorí náà ibi gbogbo lára awọ ni iná ti ń tì í lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdàrú ohùn a dín kù, ohùn ìsàlẹ̀ a sì máa jáde láìdà wọnú ara. Àwọn Wharfedale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Fostex ní Jàpáànù ṣe irú rẹ̀ láyé ọjọ́un. Ní 1976 ni Yamaha gbé HP-1 jáde, tí Mario Bellini ará Ítálì ya ìrísí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀ràn náà rọlẹ̀ fún ọdún pípẹ́, títí tí àwọn ilé-iṣẹ́ bí Audeze, tí a dá sílẹ̀ ní Kalifọ́níà ní 2008, àti HiFiMan fi tún gbé e dìde. Owó tí a ń san fún dídára yìí wà ní ibi méjì: òòfà rẹ̀ wúwo lórí, wáyà rẹ̀ tí a tẹ́ ká kò sì sí nínú òòfà lílágbára bí ti èyí tí a wé. Nítorí náà ni púpọ̀ nínú wọn fi ń béèrè iná kí wọ́n tó dáhùn.

Irú iná wo ni wọ́n ń béèrè? Nínú èdè ojoojúmọ́, iná ni à ń dá, iná ni à ń tàn, iná ni NEPA máa ń mú lọ, iná ni ó sì ń gbé ènìyàn tí ó bá fọwọ́ kan wáyà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ru gbogbo ẹrù yìí.  Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bamgboṣe ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti apá kejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, ọ̀rọ̀ ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni wọ́n dá lé. Ohun tí a dábàá níhìn-ín ni pé kí ìpá máa wà fún ohun tí a fi fóólìtì wọ̀n, tí a ó kọ báyìí: ipá iná, kí ìṣàn iná wà fún ohun tí a fi ámpíà wọ̀n, kí ìdènà wà fún ohun tí a fi óòmù wọ̀n, kí a sì fi agbára sílẹ̀ fún wáàtì nìkan.

Àpẹẹrẹ omi yóò tètè yé ọmọ ilé-ìwé. Bí táńkì omi bá wà lórí òpó gíga, omi yóò fi ipá ti ẹnu páìpù kódà nígbà tí a kò tíì ṣí i; ipá nìyẹn. Bí a bá ṣí i, iye omi tí ó jáde láàárín ìṣẹ́jú kan ni ìṣàn. Bí páìpù ti tín-ín-rín tó ni ìdènà. Georg Ohm ará Jámánì ni ó fi ìwé rẹ̀ ti 1827 fi hàn bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti so mọ́ ara wọn: bí a bá fi ìdènà pín ipá, ìṣàn ni a ó rí. Agbára sì ni ipá tí a fi ìṣàn sọ di púpọ̀. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tí ó lágbára jù ti omi lọ wà ní gáréèjì. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kékeré 8, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóólìtì 1.5, bí a bá tò wọ́n léra, ipá wọn yóò jẹ́ 12, bákan náà pẹ̀lú ti bátìrì mọ́tò. Kò sí awakọ̀ tí yóò gbà láti fi wọ́n sítáàtì dánfó. Ipá wà nínú wọn. Ìṣàn tí ẹ́ńjìnnì ń béèrè ni kò sí. Olùkọ́ tí ó bá ṣe ìdánwò yìí lójú akẹ́kọ̀ọ́ kò ní pẹ́ lórí àlàyé.

Àwọn kan lè takò ó pé a ti ń lo ipá fún ohun tí Newton sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, èyí tí ń sún nǹkan kúrò lójú kan. Òtítọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí a ya ipá kúrò lára iná nígbàkígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ fóólìtì. Àwọn mìíràn yóò béèrè ìdí tí a kò fi jẹ́ kí fóólìtì àti ámpíà tó, níwọ̀n bí a ti yá wọn tán. Èsì ni pé orúkọ òṣùwọ̀n ni wọ́n, wọn kì í ṣe orúkọ ohun tí a ń wọ̀n. Ẹni tí ó mọ kóńgò kò tíì mọ ìyàtọ̀ láàárín gàrí àti ẹ̀wà.

Ó kù kí a fi iye dán an wò. Agbóhùnsétí kọ̀ọ̀kan ní ohun kan tí a lè pè ní ìjẹ́pè: bí a bá fi ìwọ̀n iná kan pè é, báwo ni yóò ti dáhùn rinlẹ̀ tó? Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni a fi ń kà á, nígbàkígbà tí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì bá sì fi 10 lé sí i, agbára ti di ìlọ́po 10. HE-6 tí HiFiMan ṣe, aláwọ pẹlẹbẹ tí a mọ̀ sí olóríkunkun láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ní ìdènà óòmù 50. Bí a bá fún un ní mílíwáàtì 1, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 83.5 ni yóò fi dáhùn. HD 650 ti Sennheiser, oníwáyà-wíwé, ní ìdènà óòmù 300. Fóólìtì 1 ni a fi ń pè é, ó sì ń dáhùn pẹ̀lú 103. Ká ní a fẹ́ kí gbígbà ìbọn kan nínú ohùn Ojúde Ọba dé dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 110 fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. HD 650 yóò béèrè ipá fóólìtì 2.2, ìṣàn mílíámpíà 7.5, àti agbára mílíwáàtì 17. HE-6 yóò béèrè ipá fóólìtì 4.7, ìṣàn mílíámpíà 95, àti agbára mílíwáàtì 447. Ipá kàn di ìlọ́po méjì ó lé díẹ̀ ni. Ìṣàn ti di ìlọ́po 12 ó lé. Ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún méjèèjì kò lè rí ìyàtọ̀ yìí, bí ó ti wù kí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó.

Kì í sì í ṣe gbogbo aláwọ pẹlẹbẹ ni ó le tó báyìí. LCD-X ti Audeze, tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ óòmù 20, ń fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 103 dáhùn mílíwáàtì kan. Fún ìbọn kan náà, ipá fóólìtì 0.32 àti agbára mílíwáàtì 5 ti tó o. Síbẹ̀, ìṣàn tí ó ń fẹ́ jẹ́ mílíámpíà 16, ìlọ́po méjì ti HD 650, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdá kan nínú méje ipá rẹ̀ ni ó ń béèrè.

Ẹ̀tàn kan tún wà nínú bí àwọn oníṣòwò ti ń kọ ìjẹ́pè. Àwọn kan ń kà á sórí mílíwáàtì, àwọn mìíràn sórí fóólìtì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń tẹ nọ́ńbà nìkan sára páálí. Tí a bá kà á sórí agbára, HD 650 jẹ́ nǹkan bí 97.8, HE-6 sì jẹ́ 83.5, ìyàtọ̀ wọn lé ní 14. Tí a bá kà á sórí ipá, ti àkọ́kọ́ jẹ́ 103, ti èkejì sì jẹ́ 96.5, ìyàtọ̀ di 6.5. Àwọn agbóhùnsétí méjì kan náà ni o. Nítorí náà kò yẹ kí atúmọ̀ kọ ìjẹ́pè lásán. Ìjẹ́pè sí agbára ni ọ̀kan, ìjẹ́pè sí ipá ni èkejì, páálí tí kò bá sì sọ èyí tí ó jẹ́ kò tíì sọ nǹkan kan.

Bí a bá wá kọjú sí aróhùnlágbára fúnra rẹ̀, irú àṣìṣe kan náà ni ó wà níbẹ̀. Ká mú ẹ̀rọ kan tí ipá rẹ̀ kò lè kọjá fóólìtì 8, tí ìṣàn rẹ̀ kò sì lè kọjá mílíámpíà 100. Fún agbóhùnsétí olóòmù 300, ipá ni yóò kọ́kọ́ tán: agbára rẹ̀ yóò dé mílíwáàtì 213, èyí sì ju ohun tí a nílò lọ fíìfíì. Fún olóòmù 50, ìṣàn ni yóò kọ́kọ́ tán: ipá yóò dúró sórí 5, agbára yóò sì jẹ́ 500, tí ó fi díẹ̀ ju ohun tí HE-6 béèrè lókè yìí lọ. Fún olóòmù 20, fóólìtì 2 péré ni yóò lè lò kí ìṣàn tó tán, agbára yóò sì bọ́ sí 200. Ẹni tí ó bá fi fóólìtì 8 nìkan ṣe ìṣirò fún olóòmù 20 yóò rò pé wáàtì 3.2 ni òun rà. Ohun tí ó yẹ kí a máa béèrè ni agbára tí ẹ̀rọ ń mú jáde sí ìdènà agbóhùnsétí tí a ní lọ́wọ́ gan-an. Iye wáàtì tí a kọ láìkọ ìdènà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dà bí iye owó aṣọ tí a kò sọ iye ọ̀pá rẹ̀.

Nígbà tí ipá tàbí ìṣàn bá tán, orí ìgbì ni ẹ̀rọ ń gé. Ìgbì tí ó yẹ kí ó ga bí òkè yóò tẹ́ bí orí tábìlì, etí yóò sì gbọ́ ọ bí ohùn tí ó ń ha. Nínú ìlù, ìgbà tí ọ̀pá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ba awọ ni orí ìgbì máa ń ga jù, nítorí náà ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìlù kọ̀ọ̀kan ni ó kọ́kọ́ ń bàjẹ́.

Ìdènà inú aróhùnlágbára náà ní tirẹ̀ láti sọ. Kò sí ẹ̀rọ tí kò ní ìdènà díẹ̀ nínú ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ óòmù 10, tí agbóhùnsétí sì jẹ́ 20, ìdá kan nínú mẹ́ta ipá ni yóò ṣòfò kí ó tó dé etí, ohùn yóò sì fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3.5 lọ sílẹ̀. Níhìn-ín ni aláwọ pẹlẹbẹ ti ní ìwà tí ó yẹ kí a yìn. Ìdènà oníwáyà-wíwé kì í dúró lójú kan. A máa ga ní ibi tí awọ rẹ̀ ti fẹ́ràn láti mì, a sì tún lọ sílẹ̀ níbòmíràn, nítorí náà ìdènà inú ẹ̀rọ a máa gbé ohùn kan ga ju èkejì lọ. Ti aláwọ pẹlẹbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà láti ohùn tí ó rẹlẹ̀ jù dé èyí tí ó ga jù. Ohùn rẹ̀ lè dín kù, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ kì í sábà yí. Èyí ran onímọ̀ èdè-ìperí lọ́wọ́ pẹ̀lú, nítorí níwọ̀n ìgbà tí ó bá jẹ́ ti aláwọ pẹlẹbẹ ni à ń sọ, ìdènà kan ṣoṣo tó. Fún oníwáyà-wíwé, ó di dandan kí a sọ pé ìdènà ayípadà ni. Àwọn ẹ̀rọ onífáàfù, tí gílóòbù inú wọn ń pọ́n bí ẹyin iná, ni ó yẹ kí a ṣọ́ra fún jù. Púpọ̀ nínú àwọn tí kò ní tiransifọ́mà ní ẹnu-ọ̀nà àbájáde wọn ní ìdènà inú tí ó ga àti ìṣàn tí kò pọ̀. Wọ́n bá olóòmù 300 mu dáadáa. LCD-X kò sí nínú ẹrù wọn.

A ti ń sọ̀rọ̀ dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 110 bí ẹni pé eré ni. Fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni a fi lélẹ̀, kí ìbọn lè ní àyè tí yóò dé. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ṣe òdiwọ̀n fún àgbàlagbà, ó sì fi 75 ṣe ti ọmọdé. Ewu aláwọ pẹlẹbẹ ni pé ohùn rẹ̀ kì í ha nígbà tí ó bá rinlẹ̀ jù, nítorí náà etí kì í tètè mọ̀ pé ó ti tó. Ẹni tí ń fi ọjọ́ púpọ̀ ṣe àdàkọ ọ̀rọ̀ ìlù kò gbọdọ̀ fi ohun tí ó fẹ́ fi gbọ́rọ̀ ba ohun tí ó fi ń gbọ́rọ̀ jẹ́.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ẹ̀rọ yóò wá wọ ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń bá pàdé lórí àtẹ ní Òkè-Àjẹ́. Òkè òkun ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá, èyí tí ó sì ti Amẹ́ríkà wá lè jẹ́ ti ipá 120 nìkan. Bí a bá tì í bọ ògiri tí ipá 230 wà, kò ní pẹ́ tí èéfín yóò fi jáde. Kí a kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó ní ibi tí a ti lè yí i padà. Ẹni tí ń lo ínfátà náà ní láti mọ̀ pé èyí tí ìgbì rẹ̀ ní igun, tí kò yí róbótó, a máa mú kí tiransifọ́mà kùn, kíkùn náà a sì máa dé etí.

Ọ̀rọ̀ wá padà sórí iná tí ń ṣe bàìbàì lálẹ́. Aróhùnlágbára tí ó ń lo tiransifọ́mà ńlá, tí a ṣe fún 230, bí ipá ògiri bá bọ́ sí 150, ipá inú rẹ̀ náà yóò bọ́. Kíkùn lè wọlé, orí ìgbì yóò sì tètè gé, kódà kí ìṣàn tí a rà á fún tó di lílò. Èyí tí ìpèsè iná rẹ̀ jẹ́ irú tí a kọ ‘100–240’ sí lára, bíi ti ṣájà kọ̀ǹpútà alágbèéká, kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ní ìlú tí iná rẹ̀ dúró, àwọn tí ń ra irú ẹ̀rọ yìí lè fi tiransifọ́mà ńlá yangàn. Olùkọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde tí ó bá fẹ́ gbọ́ ìlù Ojúde Ọba ní agogo mẹ́jọ alẹ́ yóò kọ́kọ́ ka ohun tí ó wà ní ẹ̀yìn ẹ̀rọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà ti wọ̀ ọ́, kí ó tó ka iye wáàtì rẹ̀.